Kannakánná Tí Mo Yà fún Ìyá Mi

Òórùn tàdáwà ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí mo ń kọ́ èdè Ṣáínà ní yunifásítì níbí, ní Ifẹ̀. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tó ti Ṣáínà wá, fẹ́ràn ewì àtijọ́ ilẹ̀ wọn ju oúnjẹ lọ, ẹyẹ ló sì kún inú ewì náà bámúbámú. Ó ní takọtabo pẹ́pẹ́yẹ tó jọ ń wẹ̀ lódò, tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn ni. Ẹyẹ mìíràn wà, bó bá ti ké, àárò ilé á máa sọ arìnrìn-àjò. Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni kannakánná: wọ́n ní bí ìyá rẹ̀ bá darúgbó tí kò lè fò mọ́, òun ní í wá oúnjẹ kiri, tí í fi í sí ìyá lẹ́nu.

Ni èmi ọ̀mọ̀wé bá jókòó sí yàrá mi ní àdúgbò Mayfair níbí, mo fi tàdáwà ya kannakánná ńlá kan fún ọjọ́ ìbí ìyá mi, mo sì fi férémù sí i.

Pálọ̀ wa ní Òkè-Ogbó la ti ṣe ìdúpẹ́, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ẹbí bàbá mi pé síbẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi kú, tí bàbá wa sì tẹ̀ lé e, wúyẹ́wúyẹ́ ti wà láàárín wọn pé ọwọ́ ìyá mi kò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i lójú. Èmi tí mo mọ èyí ni mo gbé férémù sókè, tí mo pariwo pé, "Màámi, ẹyẹ yín rèé!"

Àbúrò bàbá mi obìnrin gbé ife kalẹ̀. "Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ o. Gbogbo yín gbọ́, àbí?"

Mo ti fi ẹnu ara mi pe ìyá mi ní àjẹ́ lójú ẹbí ọkọ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Èmi nìkan ni ìyá mi ń wò. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo ṣàlàyé nípa ọmọ kannakánná tó ń bọ́ ìyá rẹ̀.

"Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," ó ní. "Ṣé Ṣáínà lo wá lọ kọ́ ìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ló bá dijú, ó la ẹnu gbàù níwájú gbogbo wọn. A ń wò ó bọ̀ọ̀. Ìgbà tó yé mi, mo bu mọ́ínmọ́ín, mo fi sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu. Àbúrò bàbá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Lónìí, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá mi lọ́wọ́, èmi ni mo sì ń fún un ní ẹ̀kọ mímu láràárọ̀. Kannakánná wà lára ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àbúrò bàbá mi náà ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọn kì í sì í pè é. Ó wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo bí mo ṣe ń fi ṣíbí bọ́ ìyá mi, ó wo ẹyẹ náà títí.

"Jọ̀ọ́," ó ní, "ya ọ̀kan fún èmi náà."

Mo wo ojú ìyá mi. Ó mi orí sí mi pé kí n yà á.