Ẹ Jẹ́ Kó Lajú Ná

Òórùn ṣúgà tó ń jóná ni mo fi ń rántí ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú. Níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ, kódà nínú ọjà Àlàbá níbi tí òórùn wáyà tó jóná ti máa ń borí gbogbo òórùn yòókù, ọkàn mi á kọ́kọ́ sáré lọ sí Ìbà, sínú yàrá tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá tó rántí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni.

Títún tẹlifíṣọ̀n ṣe niṣẹ́ mi. Ìwé mi kò lọ títí, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò bà mí lẹ́rù rí. Ohun méjì péré ló ń bà mí lẹ́rù láyé yìí: gáàsì ìdáná, àti ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dún náà, àwọn méjèèjì bọ́ sí mi lọ́wọ́ pa pọ̀.

Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú, tí egungun ìbàdí wọn fi sán. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí wà ní Scotland lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, kò sì ráyè wálé lásìkò náà. Bí èmi àbúrò ṣe kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì láti Okokomaiko nìyẹn, tí mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé nítòsí bárékè Ọ̀jọ́ ló ń yà wò wọ́n. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ìdí rẹ̀ má baà pọ́n, kó má baà di egbò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá ti ń yí wọn, ẹ̀gbọ́n mi á máa pariwo pé, "Rọra o! Ṣé tẹlifíṣọ̀n lo rò pé o gbé dání ni?"

Ìyẹn ṣì kéré. Wọn ò jẹun mọ́. Ògì, wọ́n ní ó kan jù. Ẹ̀wà, wọ́n ní ẹnu àwọn korò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì wò wọ́n títí, ó ní bí òun bá fi máa padà dé nírọ̀lẹ́ tí wọn ò tíì jẹ nǹkan kan, ọsibítù ni wọ́n ń padà sí, kí wọ́n lọ ki rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú. Bó ṣe jáde báyìí, ẹ̀gbọ́n mi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí nímú."

Mi ò gbọ́ kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

"Páńkéèkì Scotch. Èyí tí mo máa ń dín fún àwọn ọmọ-ọmọ mi nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún."

Orí mi dàrú. Scotch tí èmi mọ̀, inú ìgò ló ń gbé. Ìyá ìjọ sì ni ẹ̀gbọ́n mi nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ó ní ìgbà kan tí wọ́n torí ife bíà kan ṣoṣo lé mi jáde nílé. Mo pe ọmọ wọn lórí fóònù, mo bi í ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé irú ọtí wo ni kí n rà.

"Ọtí kẹ̀, Àǹkù! Kò sí ọtí níbẹ̀. Torí pé oúnjẹ àwọn ará Scotland níbí ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ra fúláwà tó ń dìde fúnra rẹ̀."

Mo gbéra lọ sí Okokomaiko, mo béèrè fúláwà tó ń dìde fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń tajà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá, fúláwà tó bá dìde fúnra rẹ̀ níbí, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa sá. Ẹ ra báákìn páódà kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ọn, kó lè wú."

Mo rà á. Mo po fúláwà, ẹyin, mílíìkì àti ṣúgà mọ́ ọn títí ó fi ki dáadáa. Ó wá ku gáàsì. Mo na apá mi gbọọrọ bí ẹni tó fẹ́ fún ajá oníjàgídíjàgan léegun, mo kọ ojú sí ilẹ̀kùn, mo ka sáàmù tó wá sí mi lẹ́nu, mo ṣáná. Ó gbiná, bùú! Èmi náà fò, gbì! Nígbà tí àyà mi balẹ̀ díẹ̀, mo fi ṣíbí da páńkéèkì kan sínú páànù, roboto. Kò pẹ́, fóònù dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, nẹ́tíwọ̀kì sì ń já ohùn rẹ̀ jẹ.

"Àǹkù, ẹ má tíì yí i o! Ẹ jẹ́ kó lajú ná. Tó bá ti lajú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ wá wo ìdí rẹ̀ bó bá ti pọ́n..."

Fóònù kú.

Àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Nígbà tó dé inú tèmi, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n máa yí, kí ìdí rẹ̀ má baà pọ́n. Kí ló tún kù tó ní ojú, tó ní ìdí? Inú tilẹ̀ bí mi. "Ó" kẹ̀! Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ìyà tọ́, ó dé òkè òkun, ó lajú títí, ó wá ń pe ìyá rẹ̀ ní "ó"!

Síbẹ̀ mo wọ yàrá lọ, mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń sùn. Mo ní màá dúró kí wọ́n lajú, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ti ìdí yẹn ńkọ́? Ta ni yóò wo ìdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò ní fọ́? Mo ń làágùn, mo ń ro bí mo ṣe máa bọ́ nínú ẹ̀. Mo gbàgbé pé iná wà ní títàn.

Èéfín ló jí wọn.

"Kí ló ń jóná?"

"Ẹ ti lajú!" Mo ti na ọwọ́ sí èjìká wọn. "Ẹ jẹ́ kí n yí yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mi ò ní tẹ̀ yín."

"Yí ta ni? Ta ló rán ọ?"

"Ọmọ yín ni. Ó ní kí n jẹ́ kó lajú, kí n wo ìdí rẹ̀. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o, Ìyá Ìjọ. 'Ó' ló ń pè yín báyìí!"

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Ètè wọn ń gbọ̀n, mo rò pé ìrora ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n ń ké "yéè, egungun mi", omi ń bọ́ lójú wọn.

"Ọmọ tí mo bí ò lè pè mí ní 'ó' láéláé. Páńkéèkì ló ń pè bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí! Sáré lọ pa iná!"

Èyí tó wà nínú páànù ti dú bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀, kí n da òmíràn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń darí mi.

"Kí lo rí lójú rẹ̀?"

"Ihò kan."

"Dúró."

"Ó ti ń pọ̀ o!"

"Ṣé ihò náà ń dí padà?"

"Rárá, ó là sílẹ̀ kedere."

"Ó ti lajú nìyẹn. Yí i."

Mo yí i. Ìdí rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà, ojú ò sì tì mí láti wò ó. Mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n bù ú jẹ, wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ọ̀fun wọn. Wọ́n gbé e mì. "Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ pé kí n mú òmíràn wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa dé nírọ̀lẹ́, èébú tí wọ́n ń bú mi lórí páànù tí mo bà jẹ́ ti ń dé ìta. Ó wo abọ́, ó wò wọ́n lẹ́nu. Kò dárúkọ rọ́bà mọ́.

Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Bí mo bá yà sí Ìbà ní Sátidé, wọ́n á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, kí wọ́n lè máa rí àléébù mi. Mo ṣì ń kọ ojú sí ilẹ̀kùn kí n tó ṣáná. Nítorí kí àṣìṣe má baà wáyé mọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún páńkéèkì. "Wọ́n ti lajú," ni mò ń wí kí n tó yí wọn. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Àǹkù, tẹ́ ẹ bá ń pe páńkéèkì ní 'wọn', kí la ó wá máa pe Mọ́mì?"

Mo bá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n gbà mí. Wọ́n ti sùn lọ lórí àga, ọ̀pá wọn lórí itan. Mo kọ́kọ́ pa iná, torí ọgbọ́n tí mo rí kọ́ nìyẹn. Mo wá fara ti ògiri, mo dúró kí wọ́n lajú.