Ìbọn Tó Lè Kúnlẹ̀

Èmi kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aṣọ wá sí ìsọ̀ ìránṣọ mi ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin pè mí láti Houston ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ ra ìbọn, n ò lè pariwo, torí oníbàárà kan dúró níwájú mi tí mo ṣì ń wọn bùbá mọ́ lára. Mo gbé fóònù lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo bi í bóyá orí ẹ̀ pé. Ó ní orí òun pé. Ó ní òun ti gba ìwé àṣẹ, òun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, òun ò sì pè mí kí n wá sọ bóyá kí òun rà á tàbí kí òun má rà á. Ìbọn ìléwọ́ méjì ni wọ́n gbé síwájú òun, ńlá kan àti kékeré kan, ọ̀kan nínú wọn lòun sì máa máa gbé sábẹ́ aṣọ jáde lójoojúmọ́. Aṣọ lòun fẹ́ kí n bá òun rán.

Inú bí mi gan-an. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló ti kọ́kọ́ rí ọjà. Mo ní kí ló ń dà á láàmú. Ó wá sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì ni, ilé àwọn aláìsàn ló máa ń lọ láti tọ́jú wọn. Ọkọ ẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní yunifásítì ní ìlú mìíràn, òun nìkan ló ń dá gbé ilé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú kú, ọmọkùnrin bàbá náà sì sọ pé àbúrò mi ló pa á. Láti ìgbà yẹn, ó ti rí ọkọ̀ ọkùnrin yìí lẹ́yìn tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kan wà tó tibi iṣẹ́ dé tó bá a níwájú ilé, tó jókòó sínú ọkọ̀, tó ń wo ilẹ̀kùn. Ó pe ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, wọ́n ní tó bá ṣe nǹkan kó tún pe àwọn. Ó ròyìn gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tó ń ka ìwé aláìsàn ẹlòmíì. Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà.

Ohun kan tó bẹ̀ mí ni pé kí Mọ́mì má gbọ́. Ọ̀dọ̀ mi ní Peckham ni ìyá wa ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ó fi gígùn ìbọn méjèèjì àti bí wọ́n ṣe wúwo tó ránṣẹ́ sí mi. Ní ìlú tí mo wà yìí, ẹni tí wọ́n bá ká ohun tó jọ ìbọn mọ́ lọ́wọ́ ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, n ò sì ya wèrè. Páálí nípọn-nípọn ni mo gé fún ìbọn kọ̀ọ̀kan, pẹlẹbẹ lásán, mo rán àpò bò ó, mo rọ ìrẹsì sínú ẹ̀ títí ó fi wúwo tó bó ṣe wí. Òṣùwọ̀n obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ó bi mí pé kí ni mo ń ṣe, mo ní aṣọ ìyàwó ni. Ńlá yẹn gùn ju ọwọ́ mi lọ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Kékeré ò dé orí ìka.

Ọ̀sẹ̀ kan-kan ni mo fẹ́ fi gbé wọn, ńlá ló sì kọ́kọ́ kàn. Mo so ó mọ́ ìbàdí ọ̀tún, síwájú díẹ̀, níbi tí àbúrò mi ní òun máa gbé e sí, mo wá ró ìró lé e. Mo gbé e lọ sí ọjà Deptford, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì tí èèyàn kún fọ́fọ́, mo gbé e rìn yíká ilé ìtajà Surrey Quays. Ẹnikẹ́ni ò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ìró wa yìí, ó ń bo oyún oṣù mẹ́fà, kí ló dé tí ò ní bo ìbọn? Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó ra ńlá, pé èmi á ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú aṣọ.

Àṣé mo ti kánjú jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ti so ó mọ́ra kí n tó wọlé lọ kí Mọ́mì, ohun tí n ò ṣe lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ní kí n kúnlẹ̀, ẹnu àpò ìrẹsì yẹn gún mi nítan, ìdí ẹ̀ sì ti bùbá mi síta lókè. Mo yára fi orúnkún kan kanlẹ̀, mo fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Mọ́mì wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ó ń dùn mí díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń fi àdí gbígbóná pa orúnkún tí ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí mo so kékeré mọ́ra, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ẹ̀yìn mi nà. Mọ́mì ní àdí yẹn mà ṣiṣẹ́.

Mo pe àbúrò mi, mo ní ńlá yẹn ò lè kúnlẹ̀ o. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Ó ní ọkùnrin tó ń ta ìbọn fún òun bi òun bóyá òun máa ń wakọ̀ pẹ́, bóyá òun máa ń jókòó lórí àga, bóyá òun máa ń wọ bẹ́líìtì. Kò bi òun bóyá òun máa ń kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní mọ́sáláṣí wọn níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń bá pàdé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ṣoṣo tó mẹ́wàá, kò sì sí èyí tó lè dúró lóòró kí nínú wọn. Tó bá fẹ́ kírun, ó lè kọ́kọ́ tú u sínú àpótí irin tó ń tì ní kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún àgbà pé ẹ dúró ná, mo fẹ́ tú nǹkan lára kí n tó kí yín?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wá le, torí pé ńlá ló mọ̀ ọ́n yìn. Ó ti lọ yá méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó sì fi fọ́tò ìwé tí wọ́n yìnbọn lù ránṣẹ́ sí mi. Ti ńlá, gbogbo ihò ẹ̀ kóra jọ sójú kan bí ojú abẹ́rẹ́ tí mo fi mọ́ṣíìnì lù. Ti kékeré, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ kan ìwé. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìdí kékeré kúrú, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òun ò ríbi dì mú, tóun bá sì yìn ín, ó máa ń fò sókè nínú ọwọ́. Ńlá wúwo, kì í mì. Gbogbo èèyàn tó rí i níbẹ̀ ló ń sọ pé kékeré ló yẹ obìnrin. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, kékeré ló le jù láti yìn.

Èmi tí n ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìbọn tẹ́lẹ̀, èmi náà ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé èyí tó tóbi. Ọkùnrin yẹn ni mò ń rò. Mo ní:

"Gbé ńlá. Tó o bá wà láàyè, wàá ráyè kúnlẹ̀."

Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ò bá jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ilé ni mo máa máa fi sí. Ọjọ́ tí mo bá fi sílé gan-an lọkùnrin yẹn máa wá."

Ó ra kékeré. Gbogbo Sátidé, tó bá ti parí sífíìtì ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìbọn ló ń lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wú láti àárọ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnnì ìsọ̀ mi, níbi tí oníbàárà ò lè rí. Mò ń rí i bí àwọn ihò yẹn ṣe ń sún mọ́ra wọn. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó ṣì ń ṣe mí bíi pé nǹkan yẹn kéré, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹ̀yin aránṣọ náà lẹ tún ń fojú kéré nǹkan kékeré? Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Mo yọ̀ mọ́ ọn, mi ò ní parọ́. Mo mọ àwọn èèyàn tó ń fi ìbínú ra nǹkan, èmi gan-an ń fi ìbínú ra nǹkan. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ọmọ yìí ò bínú, ó jókòó, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ́ ọ, ó sì ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Mo rán ìró mẹ́fà fún un, mo fi aṣọ líle tẹ́ ìbàdí wọn nínú.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ gboyè, èmi àti Mọ́mì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Houston fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ẹ̀ ló wá gbé wa ní pápákọ̀, àbúrò mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ìró tí mo rán ló ró. Bí Mọ́mì ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì, ẹ̀yìn ẹ̀ nà, kò fì rárá. Mo wò ó, orí mi wú. Mo ní nínú ara mi pé èmi ni mo rán aṣọ yẹn.

Mọ́mì tẹ̀ ba, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ń wúre fún un, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ọwọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ó kan ìbọn, ó dúró. Àdúrà náà dúró. Wọ́n gbójú sókè, èmi ni wọ́n wò.

"Orúnkún tó ń dùn ọ́ nìyí?"

Mo tẹ orí ba. Mo rò pé wọ́n máa pariwo, mo ti ń wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nínú báàgì. Wọn ò pariwo. Wọ́n rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n di àbúrò mi lọ́wọ́ mú níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ tó báyìí?"

Àbúrò mi tí kò sunkún níwájú wa láti ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ ẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó ń bà mí, Mọ́mì. Kò sígbà tí kì í bà mí."

Mo dúró tẹrù-tẹrù, ojú tì mí. Mo ti wọn ìbọn yẹn, mo ti wọn ìbàdí ẹ̀, mo ti wọn ìrẹsì lórí òṣùwọ̀n, mo ti ka ihò lára ìwé. Odindi oṣù mẹ́fà la fi ń sọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, n ò fìgbà kan bi í ní ohun tí Mọ́mì bi í yẹn.

Mọ́mì jẹ́ kó sunkún tán, kó sì ròyìn ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn fún wọn. Wọ́n fi ìborùn wọn nù ún lójú, wọ́n bi í ní irú ọkọ̀ tí ọkùnrin yẹn ń wà, àwọ̀ ẹ̀, àti ibi tó máa ń dúró sí. Wọ́n ní kí ọmọ náà gbé àga kan wá sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n ya ẹrù àwọn sọ́tọ̀ kúrò lára tèmi, pé tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé kí n lọ dojú kọ aṣọ mi, àwọn ò kúrò níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo padà sí Peckham.