Aṣọ Iléyá Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Télọ̀ ni bàbá mi, Gbàdàmọ́sí, n'Ìjẹ̀bú-Òde, síbẹ̀ n kò wọ aṣọ tí wọ́n rán rí. Àlòkù àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo máa ń wọ̀ lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Ọmọ télọ̀! Ẹ ò rí i pé ìtìjú ni?

Mo ṣì ń rákò nígbà tí ìyá mi kú. Àwọn ẹbí ìyá mi ní bàbá mi ni kò tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, ni wọ́n bá gbé mi lọ s'Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Wàhábì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló tọ́ mi. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè bàbá mi, ìdáhùn kan náà ni: "Ó ti fẹ́yàwó mìíràn. Kò rántí ẹ mọ́." Mo gbà á gbọ́. Mo di olùkọ́ ní Ayépé, tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi rárá, síbẹ̀ mi ò yà ibẹ̀ rí. Kí ni kí n wá lọ ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí kò rántí mi?

Lọ́dún 1986, ẹnì kan wá sọ fún mi pé bàbá mi ti kú. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó wọn, Màmá Ràmọ́tà, fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá, ó sì tọ́ka sí àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Tìẹ nìyí."

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Bùbá, ìró àti gáùn ló kún inú rẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn. Bí mo ṣe ń tú u ni aṣọ ń kéré sí i, títí mo fi mú èyí tí kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ.

"Iléyá kọ̀ọ̀kan ni bàbá ẹ ń rán an," Màmá sọ fún mi. "Oníbàárà ì báà máa pariwo, wọn ò ní fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni àfi tí wọ́n bá parí tìẹ. Èyí àkọ́kọ́, àwọn fúnra wọn gbé e lọ s'Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Wàhábì jù ú lù wọ́n láyà lójú gbogbo èèyàn. Ó ní bí wọ́n bá tún dé ibẹ̀, òun á gbé ẹ lọ síbi tí wọn ò ti ní gbúròó ẹ mọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ ìwọ̀n mi?"

"Ọmọ ilé kejì tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n máa ń wọ̀n."

Mo gbé gáùn kan sókè. Egungun lásán ni mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Méjì mi ì bá wọ inú gáùn yẹn. Ọmọ ilé kejì yìí mà jẹun o! Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Inú bí mi sí Wàhábì.

Màmá mú àǹkárá kan wá láti orí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi. Wọn ò tíì gé e.

"Ti Iléyá tó ń bọ̀ nìyí. Ọdún yìí ni wọ́n gbọ́ pé o wà ní Ayépé. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ ọlọ́mọ wọ̀n ọ́ mọ́. Wọ́n ní o ti dàgbà, kò sẹ́ni tó lè dá ẹ dúró, wàá wá fúnra ẹ."

Mo dìde láàárín yàrá, mo na apá mi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tí télọ̀ fẹ́ wọ̀n.

"Sàúdátù," Màmá wí, omi lójú, "sọ apá ẹ kalẹ̀."

Mi ò sọ ọ́ kalẹ̀.