Ọjọ́ tí Tántí Parí Sinimá Arìnlókè

Òórùn ẹ̀pà yíyan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ẹ̀pà yíyan àti òróró àgbọn tí àwa ọ̀dọ́mọbìnrin fi ń para ní ọjọ́ Àìkú. Gbọ̀ngàn sinimá Atakpamé wa ní ilẹ̀ Togo ìgbà yẹn wà ní ẹsẹ̀ òkè kan, kò jìnnà sí ọjà. Páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú páànù yẹn, inú gbọ̀ngàn á gbóná bí inú ààrò búrẹ́dì, gbogbo òórùn wọ̀nyẹn á sì dàpọ̀ mọ́ òórùn àwọn bẹ́ńṣì tí òógùn ènìyàn ti rin wọ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń yan ẹ̀pà kọjá, àyà mi á ṣe gìrì díẹ̀, bíi pé wọ́n fẹ́ pa iná kí àwòrán bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́ nígbà náà, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Agbonou, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dúró. Tántí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àti àwa ọmọ ilé, àti àwọn tí kò bá a tan rárá. Kafé, ìyẹn kọfí, àti búrẹ́dì ló ń tà láàárọ̀ fún àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Lomé. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé ṣáájú ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bímọ, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn débi pé wọn kì í gbà fún ara wọn lórí ohunkóhun.

Ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí jù ni sinimá kan tó wá sí Atakpamé nígbà tí mo ṣì ń lọ sílé ìwé. Akọni inú rẹ̀ máa ń fi nǹkan bo ojú, ó ní ẹ̀wù àwọ̀lékè kan tó gùn dé ẹsẹ̀. Tó bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ á gbà á dúró, á wá máa rìn lókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tí ojú tiwa kò rí. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, orúkọ Faransé tí wọ́n fún un sì gùn, kò rọ ẹnu wa lọ́rùn. Àwọn ènìyàn wa kúkú sọ ọ́ ní Arìnlókè. Ní ìparí, afárá kan fẹ́ wó nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wà lórí rẹ̀. Arìnlókè fi ẹ̀yìn gbé afárá náà dúró títí ọkọ̀ fi kọjá tán, afárá wá wó lé e lórí, ó di inú odò. Ẹ̀wù rẹ̀ nìkan la rí tó léfòó. Iná tàn, àwọn obìnrin ń fa imú, àwọn ọkùnrin ń wú ikọ́ tí kò sí lọ́nà ọ̀fun wọn.

“Kò kú,” ni ọkọ Tántí wí kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. “Ta ló rí òkú rẹ̀?”

“Afárá wó lé ènìyàn, o ní kò kú,” ni Tántí dáhùn. “Odò ti gbé e lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lọ́jọ́ yẹn, kò tán lọ́dún yẹn. Bí ọkọ rẹ̀ bá wá mu kafé láàárọ̀, á gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ á sì dá sí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tábìlì Tántí, ẹ̀yìn ọkọ ló máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Ó ní Arìnlókè ń bẹ nísàlẹ̀ omi, ó ń dúró de ọ̀tá tuntun. Mo rántí ọkùnrin kan láti Anié tó jókòó tó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ pé akọni ti kú, títí ọkọ̀ rẹ̀ fi gbéra lọ ní ojú rẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí Tántí bu kafé mìíràn fún òun.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú ọkọ Tántí ní àkókò òjò kan, kò sì dìde mọ́. Tántí ń ta kafé rẹ̀ lọ, ó ń kí oníbàárà, ó ń gba owó, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Àsìkò ọ̀fọ̀ parí, àwọn ẹbí wá bọ́ aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, ó tún gbé òmíràn tó dúdú bí i wọ̀. Bí a bá ti ṣe máàsì ọjọ́ Àìkú tán, ilé tààrà, kò yà sí sinimá mọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ̀dọ́kùnrin oní-rédíò tó ń fi Arìnlókè dán an wò, láti òdìkejì títì. Tántí á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa nu ife.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀dọ́kùnrin yìí sáré wá láti ìgboro, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. “Tántí! Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri! Arìnlókè padà dé!”

Tántí gbé ìkòkò omi gbígbóná kalẹ̀. Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ yí padà wò ó.

“Irọ́ lò ń pa.”

“Ẹ wá wò ó fúnra yín.”

Ó bọ́ aṣọ ìdáná, ó ní kí n dúró ti tábìlì, àmọ́ èmi náà tẹ̀lé e, mo fi kafé sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n máa bù ú fúnra wọn. A gun òkè dé ẹ̀gbẹ́ ọjà. Lóòótọ́, ìwé ńlá aláwọ̀ mèremère wà lára ògiri, akọni kan ń rìn lójú sánmà, wọ́n sì kọ ọ́ ní Faransé pé ó ti padà. Tántí dúró síwájú rẹ̀, ó ń yẹ akọni náà wò. Ó tún sún mọ́ ọn.

“Kì í ṣe òun nìyí,” ló wí. “Etí eléyìí tóbi jù.”

“Tántí, àtìgbà tó ti wà lábẹ́ omi,” ni oní-rédíò dáhùn. “Omi á ti wọ̀ ọ́ létí, ó ti wú.”

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín Tántí. Ó bú jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó, ó fọwọ́ di ikùn mú, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Ọkọ mi sọ ọ́,” ló ń wí. “Ó sọ ọ́, mi ò gbà fún un. Ó ní kò kú.” Àwa méjèèjì kò mọ èyí tí a ó dì mọ́, ẹ̀rín tàbí ẹkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, “Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a ó lọ. Mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n fi í ṣe.”

Aṣọ aláwọ̀ ewé ni ó wọ̀ lọ, èmi ni mo rán an.

Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti gbóná. Àwọn kan ń kùn pé ohùn akọni tuntun yìí tinrín, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọ̀ sinimá náà dára ju ti àtijọ́ tó jẹ́ dúdú àti funfun lọ. Tántí ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ta ko gbogbo nǹkan, ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀. Nínú àwòrán náà, Arìnlókè ti di atukọ̀ lójú odò, kò rìn lókè mọ́, ó ti sọ agbára rẹ̀ nù. Ọ̀tá kan wá jí ọmọ kan gbé lọ sórí ilé gíga. Arìnlókè gun ilé náà, ó dúró ní etí òrùlé, kò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ á tún gba òun. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú.

Aṣọ tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ di funfun báláú.

A rò pé wọ́n ń pààrọ̀ apá fíìmù ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀gá sinimá jáde, ó ń nu iwájú orí. Ó ní kí a má bínú, apá fíìmù tó kẹ́yìn kò sí nínú àpótí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ti gbé e kọjá Agbonou, ó ti lọ sí òkè lọ́hùn-ún. Ariwo sọ. Àwọn kan ti gbé bẹ́ńṣì sókè, ọ̀gá náà ń fà sẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, torí pé a wà láàárín èrò.

Tántí dìde. Ó gun orí bẹ́ńṣì tiwa.

“Ẹ jókòó,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì kéré. “Èmi á parí rẹ̀ fún yín.”

Ìdajì gbọ̀ngàn ló mọ̀ ọ́n, kafé rẹ̀ ni wọ́n ń mu. Wọ́n jókòó. Èdè Ifẹ̀, Yorùbá ti àwa ará Atakpamé, ló fi bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan lẹ́yìn wa sì ń tú u sí èdè Ewe. Ó ní Arìnlókè tẹ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò gbà á, ó ń já bọ̀. Oní-rédíò fò sókè, ó di ọ̀tá, ó ń rẹ́rìn-ín burúkú pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Tántí ní ìyàwó Arìnlókè wà nísàlẹ̀. Gbogbo wa ṣe hàà, torí a kò mọ̀ pé ó níyàwó. Ó ní láti ọjọ́ tí afárá ti wó ni obìnrin náà ti ń sọ fún ayé pé odò ti gbé ọkọ òun lọ. Ó wá gbójú sókè, ó rí i, ó pe orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ibi tí ohùn ìyàwó náà kàn án, ibẹ̀ ni Arìnlókè dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó rìn lọ gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀tá, oní-rédíò ṣubú sílẹ̀ gbì, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

“Ó wá délé?” ni ẹnì kan kígbe.

“Ó délé,” ni Tántí wí. “Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, ‘Níbo lo ti wà láti ìjọ́sí? Fùfú ti tutù.’”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀rín ni yóò gbé páànù kúrò lórí wa. Wọ́n gbé Tántí sọ̀ kalẹ̀ bí ìyàwó tuntun, ọ̀gá sinimá fúnra rẹ̀ wá dì í lọ́wọ́ méjèèjì. Bí mo ṣe ń wò ó, ó yé mi pé ìgbà àkọ́kọ́ tó gbè sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ní ìṣojú gbogbo ìlú.

Wọ́n rí apá tó sọnù, wọ́n sì fi hàn wá ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e láìgba owó. Nínú rẹ̀, Arìnlókè fi ẹ̀rọ kan sí ẹsẹ̀, ó fi í borí ọ̀tá, ó sì fò lọ sínú ìkùukùu ní òun nìkan. Ìlú pariwo pé kò dára. “Ti Tántí la fẹ́!” ni wọ́n ń kígbe. Tántí tiẹ̀ ń gbèjà ẹ̀rọ náà báyìí, nítorí kí àríyànjiyàn má bàa tán, wọ́n sì gbé e dé ìdí tábìlì kafé ní àárọ̀ Ajé: ṣé yóò padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, ta ni yóò ṣe é?

Tántí pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ó sì pariwo dáadáa. Lónìí, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ mi ń bínú sí ara wọn nítorí àwọn akọni tí wọ́n tún gbé dìde pẹ̀lú ojú tuntun, tí èyí ní wọ́n ti bà á jẹ́, tí ìyẹn ní ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbà kan á ní kí wọ́n wá nǹkan gidi ṣe. Èmi máa ń fa àga sún mọ́ wọn ni. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí akọni àtijọ́ padà wá, àwọn tó jókòó tì í nígbà àkọ́kọ́ ló ń wá. Sinimá kò lè dá wọn padà fún un. Ṣùgbọ́n bó bá rí ẹni bá jiyàn, tí ohùn ròkè, tí ẹ̀rín sì já lù ú, kò ní dá nìkan wà ní àsìkò yẹn, gbogbo àwọn ẹni àná yẹn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé yí i ká.