Ọjọ́ Tí Ìbọn Kọ̀ Tí Kò Tu Èèpo

Ilé ìyìnbọn tí mo ń lọ ní Dagenham, lápá Goresbrook níbẹ̀, òórùn bíríkì tó ti fa omi òjò mu ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà òórùn ẹ̀tù tó jóná, lẹ́yìn náà tíì. Tíì ṣá! Àwọn òyìnbó ibẹ̀ lè gbàgbé ọta sílé, wọn ò lè gbàgbé mílíìkì. Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ yìí, inú mi ti ń dùn, ẹsẹ̀ mi ò dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí mo jẹ níbẹ̀ nígbà òtútù ọdún yẹn, tó bá sọ sí mi lọ́kàn nínú bọ́ọ̀sì, ọwọ́ ni mo máa ń fi bojú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì ni, mo ń bá wọn to ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Barking. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ wò ó lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe kó sí i nìyẹn. Ìbọn ẹgbẹ́ ayìnbọn ibẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi o, ìbọn kékeré tí wọ́n fi ń yin bébà. Tó o bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, irin kan á sáré padà sẹ́yìn nínú ẹ̀, á tu èèpo ọta tó ti jó dànù, á sì ti òmíràn wọlé fúnra ẹ̀. Ìwọ á kàn tún fa ìka ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ bí èèpo yẹn ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ṣàn, ṣàn, mo pariwo bí ẹni tí wọ́n fún ní físà ìlú òyìnbó!

Mọ́mì mi ò fẹ́ rárá. Ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wá, wọn ò sì rí ibi tí ìbọn ti bá sùtánà tan. "Ìbọn? Ìwọ obìnrin? Ṣé sójà ni mo bí ni?"  Tí mo bá gbé báàgì mi láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á kàn kọjú sí ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Wọn ò sọ pé "máa lọ", wọn ò sì sọ pé "má lọ". Mo sì fẹ́ gbọ́ "máa lọ" yẹn lẹ́nu wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá òyìnbó tó ń kọ́ wa níbẹ̀, onírùngbọ̀n funfun kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kóòṣì là ń pè é. Òun ló fún mi ní àpò tá a fi ń nu ìbọn: àkísà, búrọ́ọ̀ṣì, ìgò òróró ìbọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan. Èmi nìkan ló fún o! Mo gbé e lọ sílé láti fọ àwọn àkísà yẹn, mo sì gbé ìgò náà sórí tábìlì kíṣìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kóòṣì fẹ́ mú ẹni tó máa bá wọn lọ díje pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Àyè kan ṣoṣo ló kù, àárín èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó lẹ́nu bí abẹ ló sì wà.

Òtútù ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi, èéfín ń jáde lẹ́nu wa. Èmi fúnra mi ni mo nu ìbọn láàárọ̀, mo fi òróró sí i dáadáa. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ṣùgbọ́n irin yẹn padà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kò sáré, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Èèpo ọta há sẹ́nu ihò, ìdajì níta, ìdajì nínú.

"Dúró," ni kóòṣì wí. "Mú ìka ẹ kúrò. Ẹnu ìbọn síwájú."

Ó yọ ilé ọta, àpótí kékeré tí ọta ń tò sí, ó fa èèpo yẹn jáde. A pààrọ̀ ilé ọta, ó tún há. A pààrọ̀ ọta sí èyí tó lágbára jù ú lọ, ó tún há. Ó gbé e fún elẹ́nu-bí-abẹ pé kó yìn ín wò bóyá ọwọ́ mi ni, tiẹ̀ náà há.

"Bóyá inú ló ń run ún," ni ọ̀gbẹ́ni yẹn wí. "Ẹ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Kóòṣì yọ ọta kúrò pátá, a gbé e lọ sí yàrá tíì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Ó ní ká fọwọ́ fa irin yẹn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yọ̀ bí ẹja! A gbé e padà sínú òtútù, a dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Kóòṣì ní, "Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń dì." Ó tú u. Ó fi ìka kan inú ẹ̀, ohun tó bá ìka ẹ̀ jáde funfun, ó ki, bí ọ̀rá tó máa ń dì lórí ọbẹ̀ tó bá sùn nínú fíríìjì. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó fajú ro, ó nà án sí mi.

Háà! Lọ́fínńdà ṣọ́ọ̀ṣì! Òórùn báàgì mọ́mì mi gan-an!

"Kí lo fi sí i?"

"Ohun tó wà nínú ìgò tí ẹ fún mi ni, sà." Mo pe mọ́mì lórí fóònù, mo sì fi í sórí sípíkà torí pé òróró ti kún ọwọ́ mi.

"Ìgò kékeré yẹn?" ni wọ́n wí. "Ó ti ń tán, mo wá da òróró olóòórùn dídùn tí wòlíì gbàdúrà sí kún un. Kí nǹkankan má baà ṣe ọ́ níbi tó ò ń lọ."

Elẹ́nu-bí-abẹ béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ. Mọ́mì gbọ́, wọ́n sì fi òyìnbó dá a lóhùn fúnra wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òróró àdúrà ni, òróró ólífì. Yéè! Ilé dàrú. "Ó ti fi ìbọn po sàláàdì!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì. Ká ní ilẹ̀ lanu, mi ò ní bi í pé níbo là ń lọ.

Mọ́mì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ ní ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni? Bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n má lé ẹ nítorí mi."

Ọ̀rẹ́ mi, ìtìjú àkọ́kọ́ yẹn gbóná lójú mi ni, ṣùgbọ́n èyí tutù, inú ló wọ̀ lọ. Mọ́mì mi tí máníjà níbi iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rù! Àwọn náà ni wọ́n wá ń bẹ ọmọkùnrin tí kò dàgbà jù mí lọ, tí wọn ò rí lójú rí.

"Ẹ̀rín yẹn tó," ni kóòṣì wí. Ó gbé oògùn tí wọ́n fi ń fọ irin lé mi lọ́wọ́. "Nù ún. Ìwọ fúnra ẹ." Mo nu gbogbo ẹ̀, mo kán òróró ìbọn gidi díẹ̀ sí i, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Mo fa ìka. Ṣàn! Ṣàn! Ṣàn! Èèpo ń fò jáde bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada! Kóòṣì yẹ bébà wò, ó mi orí pé ó dáa. "Ìwọ ni. Bá mi kí mọ́mì ẹ."

Mo sáré láti ibi tí bọ́ọ̀sì já mi sí ní Mayesbrook títí délé, ayọ̀ ò jẹ́ kí n mí, mo ti la ẹnu láti pariwo. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìn. Wọn ò bi mí bóyá wọ́n mú mi.

"Ṣé inú wọn ti rọ̀ sí mi?"

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé "máa lọ" tí mo ń retí ni mọ́mì dà sínú ìgò yẹn, torí pé ẹnu wọn ò lè gbé e. Iwájú àwọn èèyàn ni mo sì ti nù ún kúrò.

"Wọ́n ní kí n kí yín, mọ́mì. Wọ́n mú mi."

Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n fò sókè, wọ́n ń kọ hálelúyà. Ìtìjú tèmi ti di ẹ̀fẹ̀ báyìí, mo ti fi pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín. Ìtìjú tiwọn, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.