Òrùka Oníní Inú Máṣíìnì Bàbá Mi

Mo mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí nípa ẹ̀san. Ìdílé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Síbẹ̀, bí mo bá rántí mẹkáníìkì kan ní Fìdítì àti ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí, inú mi a máa dùn. N kò ní purọ́.

Bàbá mi ló ni máṣíìnì náà. Tíṣà ni òun náà bíi tèmi, alùpùpù yìí ló sì ń gùn láti ilé wa ní Ìlọrá lọ sí gbogbo abúlé tí wọ́n pín in sí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kabúrétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń léfòó lórí epo. Bí epo bá ti kún tó, òun ló ń dí ọ̀nà pa. Idẹ ni ti bàbá mi. Ó lu nígbà kan, bàbá mi sì fi òjé dí i. Òjé yẹn mú kó wúwo, kò léfòó dáadáa mọ́, epo wá ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bàbá mi mú oníní, owó ayé àtijọ́ tó ní ihò láàárín, ó fi fáìlì ha etí rẹ̀ títí ó fi di òrùka kékeré, ó sì fi í sábẹ́ ibi tí epo ń gbà wọlé. Jíjò náà dáwọ́ dúró. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn tí a sin ín, máṣíìnì wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gùn ún lọ sí ilé ìwé mi ní Fìdítì, mo ta á títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí, kò jí. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó ń ta iná. Mo yọ rọ́bà epo, epo ń ṣàn. Ó ku kabúrétọ̀. Mo fura pé epo tó ti pẹ́ ló dì sínú rẹ̀, pé kí a ṣáà fọ̀ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí kí ọwọ́ mi má lọ ba iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi jẹ́. Mo fi ọkọ̀ ẹlẹ́rù gbé e lọ bá mẹkáníìkì tí àwọn ọlọ́kadà Fìdítì ń lò. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó gbé pósí bàbá mi. Ìyẹn ni mo ṣe fọkàn tán an.

Nígbà tí mo padà lọ, ó ní kabúrétọ̀ àtijọ́ ti kú, òun ti fi tuntun sí i. Ó ṣe bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń ṣe: ó kó èyí tó yọ sínú náílọ̀n dúdú, ó nà án sí mi.

"Àǹtí tíṣà, ẹ gba ògbólógbòó yín, kẹ́ ẹ má baà sọ pé mi ò ṣiṣẹ́."

Mo dúpẹ́. Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Tuntun náà ń mu epo bí omi. Bí mo bá ń gun òkè, á wúkọ́, á sì kú. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan tí inú bí mi, mo tú náílọ̀n náà sórí tábìlì láti fi ti àtijọ́ wé tuntun. Ike funfun ló ń léfòó nínú òkú kabúrétọ̀ yẹn. Kì í ṣe idẹ, kò sì sí òjé lára rẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n láàárín ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ náílọ̀n ni mo ti rí òrùka oníní bàbá mi. Ọkùnrin náà ti tú kabúrétọ̀ wa fọ̀, òrùka já bọ́, ó rò pé pàǹtí ni, ó sì gbá a mọ́ ẹrù mi.

Mo lọ bi í níbi tí kabúrétọ̀ bàbá mi wà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kún orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin obìnrin! Kí lẹ mọ̀ nípa kabúrétọ̀ ná?" Ó yíjú sí wọn. "Àfi kí tíṣà wá kọ́ mi níṣẹ́ o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe sorí kọ́ báyìí, mo rí epo tó ń kán tótótó lábẹ́ máṣíìnì tirẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn. Kabúrétọ̀ bàbá mi ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ará ilé rẹ̀. Òkú tirẹ̀ ló kó sínú náílọ̀n fún mi. Òrùka bàbá mi sì rèé nínú pọ́ọ̀ṣì mi! Mo yíjú padà, mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mo ń fi ojú mi jẹ adùn. Lónìí, á pààrọ̀ rọ́bà epo. Lọ́la, á pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà epo. Ó tún tú u palẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀. Epo ń jò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá!" Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo ń kí i.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò dákẹ́, ọjọ́ ìpàdé àwọn ọlọ́kadà ló ń dúró dè.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níbùdókọ̀, alága wọn, bàbá àgbàlagbà kan, wà láàárín. Mẹkáníìkì náà wà níbẹ̀, máṣíìnì rẹ̀ ń kán epo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé máṣíìnì mi dúró, mo kúnlẹ̀ kí alága.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Mo fẹ́ bá ọ̀gá wo epo tó ń jò lára máṣíìnì wọn ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò ní fọwọ́ mi kàn án, kí alága yan ẹni tí yóò tú u. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú u, mo sọ ohun tí wọ́n máa bá nínú rẹ̀: idẹ tí wọ́n fi òjé dí lápá òsì. Ọlọ́kadà kan tú u, ó gbé e sókè. Òjé nìyẹn lápá òsì. Ẹ̀rín dá. Mo wá yọ òrùka, mo sọ ibi tí wọ́n máa fi í sí. Wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n ṣí epo. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, à ń wò. Kò kán. A tún dúró. Kò kán.

"Níbo lo ti rí kabúrétọ̀ yìí?" Alága ló bi mẹkáníìkì.

"Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Ṣé èṣù ló ni sípánà ni?"

Àwọn kan ní kí n foríjì í, mo ṣáà ti rí nǹkan mi. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, kó dá a padà sára máṣíìnì mi lójú gbogbo wọn. Nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò bá a mú un. Nígbà tó parí, mo ta máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí. Ohùn tí mo máa ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà nìyẹn, bí bàbá mi bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí omi ojú mi.

Lẹ́yìn náà, mo mú náílọ̀n dúdú jáde nínú báàgì, òkú kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi nà án sí i, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ gba ògbólógbòó yín, sà, kẹ́ ẹ má baà sọ pé mi ò ṣiṣẹ́."

Ó gbà á. Ó fi í kọ́ ọwọ́ máṣíìnì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ sílé nínú oòrùn ọ̀sán. Tuntun tí wọ́n yọ lára tèmi wà lọ́wọ́ mi, ó lè gbé e délé. N kò fi lọ̀ ọ́. Mo dúró síbẹ̀ títí n kò fi rí i mọ́.