Ọkùnrin Kakíyà Tí Kì í Béèrè Ilé

Ẹ jókòó dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. Mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi, ibà kò ṣe mí lọ́jọ́ náà, oorun kò sì kùn mí. Òru gan-an kọ́. Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí òjìji ènìyàn sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Jẹ́dà la wà nígbà náà, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Rábíátù. Ogun àgbáyé ti parí, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tó kí àwọn èèyàn gbàgbé rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹsẹ̀ la fi gba ilẹ̀ Súdáànì kọjá kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi. A ṣe Hájì tán, ọ̀nà ilé jìn, la bá kúkú jókòó sí Bagidadíyà, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, láàárín ọjà. Kò síwèé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní ìkámà lọ́wọ́ wa. Bí ọlọ́pàá bá yọ lókè, àwa a yà sísàlẹ̀.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni aṣọ funfun tí àwọn àlàájì máa ń rà. Mo máa ń bá wọn rì í sínú omi sàmúsámù tó ti Mẹ́kà wá, mo máa ń sá a títí yóò fi gbẹ, wọn a sì ká a gbé lọ sílé de ọjọ́ ikú wọn. Aṣọ òkú ni. Kò sí Mùsùlùmí ilẹ̀ wa tó dé ibẹ̀ tí kò fẹ́ ẹ.

Àyàfi ẹnì kan.

Mùdáṣírù lorúkọ tí ẹni náà ń jẹ́. Ọmọ Yorùbá ni, Mẹ́kà ló ń gbé, ní apá Kakíyà, níbi tí àwọn aláìníwèé bíi tiwa pọ̀ sí. Fìlà ló ń fi òwú ṣe ọnà sí, tó ń tà. Ó ń fẹ́ Rábíátù. Rábíátù náà fẹ́ ẹ, ìfẹ́ tí ń mú ọmọbìnrin máa rẹ́rìn-ín nídìí ààrò. Bàbá wa kò sí nítòsí, nítorí náà èmi ni n ó so yìgì fún wọn.

Lọ́jọ́ kan mo mú aṣọ kan nínú èyí tí mo sá, mo ní kí n fi ta àna mi lọ́rẹ. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ẹlòmíràn. Tèmi ti kúrò nílẹ̀.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ẹ̀yìn odi rí, ẹ mọ̀ pé bí ará ilé bá dé, kó tó bọ́ bàtà la ó ti máa bi í pé: òjò ti rọ̀? Ta ló bímọ? Ta ló kú? Mùdáṣírù kì í béèrè. Bí a bá dárúkọ ilé, yóò tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí àsìkò Hájì bá sì dé, ìgbà tí gbogbo oníṣòwò ń pa owó ọdún, òun a ti ilẹ̀kùn, a ò ní rí i mọ́ títí ọkọ̀ àwọn ará Nàìjíríà yóò fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo sọ fún ara mi pé ìkámà ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù náà kò ha ń ba èmi náà bí?

Àṣà wa ni pé a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Mo wádìí. Mo ń bi gbogbo ẹni tó bá ti ìhà Ìsẹ́yìn wá, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ẹnu rẹ̀ jọ. Ọlọ́run sì rán Àlàájà Sùwébátù sí mi, opó kan tó ṣe Hájì tán, tó ń dúró de ọkọ̀ òkun nílé wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Mùdáṣírù yà kí wa. Àlàájà wà lẹ́yìn aṣọ tí a ta sẹ́nu ọ̀nà. Bí ó ti lọ tán ni obìnrin yìí di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Àlàájì, ta nìyẹn?”

“Àna wa ni.”

“Àna ta? Àkàngbé nìyẹn! Wọ́n sin Àkàngbé, Àlàájì. Mo wà níbẹ̀. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, ohùn mi há.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má mọ ohun tí à ń pè ní àkúdàáyà. Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé ni. Yóò dìde lọ sí ìlú jíjìn, yóò mú iṣẹ́ ṣe, yóò gbéyàwó, yóò bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá rí i, tó pè é lórúkọ, ọjọ́ náà ló ń lọ, kì í dágbére. Ẹ wá rò ó wò: bí mo bá so yìgì yìí, tí Rábíátù sì bí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin, tí ará ilé kan wá ṣèèṣì kí i lọ́jà? Àbúrò mi á di opó ẹni tí wọ́n ti sin rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Àlàájà Sùwébátù ní ọmọkùnrin kan nílé tí kò tíì láya, ó sì ti ń yin ọbẹ̀ Rábíátù láti ọjọ́ tó ti dé. Bí mo ṣe ń fura sí ọkùnrin náà ni mo ń fura sí obìnrin yìí.

Ẹnì kẹta tí mo tún ń fura sí ni Yúsúfù.

Yúsúfù ará Jàpáànù ni, ọmọ ilé-ìwé. Káírò ló ti ń kọ́ èdè Lárúbáwá, ó wá ṣe Hájì, ó sì yá yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò sí ohun tí kì í béèrè. Kí ló dé tí ẹ kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan? Kí ló dé tí ọmọdé kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà? Àwọn ará àdúgbò ní amí ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí àgbà, yóò tẹ ìbàdí ba, yóò tẹ orí sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tí ilẹ̀ kò gbà á. Àwọn Lárúbáwá ń bá a wí, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan là ń tẹríba fún. Àlàájà ní tirẹ̀ sọ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé nìyí. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ!”

Yúsúfù yìí ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ náà, torí kò ní ẹbí láàárín wa tí yóò gbè lẹ́yìn. Èdè Lárúbáwá la fi ń sọ̀rọ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ìlú tiwọn náà, wọ́n máa ń ránni lọ wádìí ìdílé ọkọ. Ó ní òkú tiwọn tó bá ń rìn kì í ní ẹsẹ̀. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, èéfín ni. “Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.” Ó ní ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ibi gbogbo ni òkú ti ń rìn, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ọ̀nà tí ó fi ń gbà wọ́n. Àwọn ará ibí ní àlùjọ̀nnú ló gbé àwọ̀ òkú wọ̀. Àwa Yorùbá ń pe orúkọ wọn kí wọ́n lè sá. Ní Jàpáànù lọ́dọ̀ tiwọn, lọ́dọọdún ni wọ́n ń dáná sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn òkú lè mọ ilé wá.

Mo ní, “Astagfirulláì! Ìwọ náà?”

“Èmi kọ́ mọ́. Ìyá mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò ti ojú ogun dé. A ò rí òkú rẹ̀. Ìyá mi ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá, bí mo bá rí i níbì kan tó ń ta fìlà, mi ò ní bi í bóyá ó ti kú. N ó ra fìlà, n ó sì máa lọ.”

Mo ní tirẹ̀ nìyẹn. Àbúrò tèmi ni wọ́n fẹ́ fẹ́.

A wọ ọkọ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, èmi àti Yúsúfù. Mi ò sọ fún Rábíátù. Nígbà tí a fi dé Kakíyà, oòrùn ti dé àtàrí, ajá kankan kò sí nígboro. Olúkúlùkù ti wọlé sá fún ooru. Àwọn àgbà wa ní irú àkókò yẹn kì í ṣe ti àwa nìkan. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìró kankan, àfi ti sálúbàtà wa.

Ilé Mùdáṣírù, àgbàlá kékeré kan ni, ògiri ga yí i ká, yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ló wọ àgbàlá. Ó ṣí i fún wa pẹ̀lú fìlà tó ń ṣe lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ṣì gún inú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi.

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni. Gìgísẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ sán bíi tèmi.

Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀yìn, tí mo rí Yúsúfù. Ó ti wólẹ̀. Kì í ṣe ìtẹríba tó máa ń ṣe fún àgbà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mùdáṣírù ń wò ó. Bí ẹni tó ń wo ọmọ tó sùn ló ṣe ń wò ó.

Mo ní bí yóò bá yé mi, kó yé mi lónìí. Mo pè é.

“Àkàngbé.”

Ó gbọ́ ọ. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i bí orúkọ náà ṣe wọ ara rẹ̀, bí omi tutù ṣe ń wọ ara ẹni tí kò retí rẹ̀. Kò jẹ́. Ó gbé ojú sókè wò mí, kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá má ti pe ìyẹn.”

Mo ní, “Ta ni ọ́?”

“Oòrùn ti pa yín. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín.”

Ó wọ yàrá. Mo dúró sí àgbàlá, ojú mi kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. A dúró títí, kò jáde. Mo pè é ní Mùdáṣírù, kò dáhùn. Mo bá wọlé.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Fèrèsé kan ló wà, ológbò kò lè gba ibẹ̀. Ẹní rẹ̀ wà nílẹ̀, fìlà tó ń ṣe wà lórí ẹní, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìkòkò omi ń làágùn. Ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi kún un, ẹ̀kán kan kò dà sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Jẹ́dà sọ ọ́ pẹ̀lú: aláìníwèé rí àjèjì ará Jàpáànù lẹ́yìn rẹ, ó rò pé ìjọba lo mú wá, ó gba orí òrùlé sá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó sá fún nílé náà lè jẹ́ ti gbèsè tàbí ti ẹjọ́. Ṣùgbọ́n mo wo òrùlé yẹn. Kò ní ihò, kò sì ní àtẹ̀gùn.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, Yúsúfù kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kì í yé béèrè! Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀. A ti ń rí ilé Jẹ́dà lókèèrè kó tó fi ẹnu sí etí mi.

Ó ní, “Bàbá, ọkùnrin yẹn, ṣé aláwọ̀ dúdú ni lójú tiyín?”

Mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ti ojú ogun dé. Ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ tó lọ sí Mísírà, níbi tí Káírò wà, ló bá lọ, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sìn ín.

Rábíátù kò sunkún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Ẹ bi í pé ta ni. Ẹ ò bi í pé ṣé ó fẹ́ràn mi.”

Kò pẹ́ tí Àlàájà Sùwébátù fi mú ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ wá, bí mo ti fura. Rábíátù kọ̀. Àwọn mìíràn wá, ó kọ̀ wọ́n. Kò rù, kò fajú ro. Ó ń kírun, ó ń sè, ó ń kọrin. Ẹni tí wọ́n lé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ, kí ló ń kọrin sí?

Lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ kan, aṣọ tí mo fẹ́ sá kò pọ̀, mo tètè wálé. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ wà ní títì. Mo gbọ́ ohùn Rábíátù, kò lọ sókè. Ó ń ròyìn ilé: òjò ti rọ̀, ẹni báyìí bímọ, àrùn bàbá ti fúyẹ́. Ẹnì kan wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ohùn ọkùnrin ni. Yorùbá ìhà Ìsẹ́yìn ni.

Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.

Mi ò kàn án. Mo yí padà, mo lọ jókòó sídìí omi ìfọṣọ mi títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Nígbà tó jáde, òun nìkan ló jáde, ó bu oúnjẹ fún mi, a jẹun. Mi ò béèrè. Títí dòní, mi ò tíì béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìlú òkèèrè, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kì í béèrè ilé, ẹ kí i, ẹ ra ọjà rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹ má pè é ní orúkọ tí kò sọ fún yín. Bí ẹ bá lé e kúrò lójú yín, ẹ ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yà sí nínú ilé yín.